Ọlọ́run Fi Òkìtì Yanrìn Gbà Wá: Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá nílé lóko, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí, mo kí gbogbo yín. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run lógo. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí bíréèkì ọkọ̀ wa já wa sílẹ̀ lójú títì, tí ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń gbé inú mi. Mo dìde láti jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ẹkún ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́, torí àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ọmọ ọdún 81 ni màámi. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, eegun itan wọn dá. Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, àmọ́ wọn ò lè jókòó pẹ́ rárá. Àbúrò wọn kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù láyé, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì ló wà, ibẹ̀ ló lọ́kọ sí láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹkún ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan màámi bi mí pé, "Àjàní, ṣé n ò ní fojú kan àbúrò mi mọ́ kí n tó lọ ni?" Mi ò lè sùn mọ́jú ọjọ́ náà.

Mo ní bọ́ọ̀sì Coaster kan tí mo fi ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé. Mo ní kí wẹ́dà tú àga inú rẹ̀, ó ku mẹ́rin níwájú. Káfíńtà kan bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀yìn, a tẹ́ fóòmù sí i. A gbé sítóòfù àti sìlíńdà gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, a gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn, a de dúrọ́ọ̀mù omi onílítà 200 mọ́ igun, a sì ta aṣọ sáàárín kí màámi lè rí ibi fara pamọ́ sí. Àwọn ọmọ mi sọ ọ́ ní ilé alágbèéká. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ohun kan tí mi ò bá ọkàn mi rò ni ìwúwo rẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Omi inú dúrọ́ọ̀mù yẹn nìkan tó 200 kílò, bí ìgbà tí àgbàlagbà mẹ́ta dúró sójú kan náà láti Abẹ́òkúta dé Èkìtì, tí wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Ká má tíì sọ ti jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀dì, gáàsì, ẹrù àti àwa èèyàn. Gbogbo rẹ̀, bíréèkì ló máa dá a dúró. Mẹkáníìkì mi sọ ọ́ kí a tó lọ pé kí òun tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀, pé bíréèkì ń mú dáadáa. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, mi ò sì lè dì í ru ẹnikẹ́ni.

A lọ láyọ̀. Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, a sì gun òkè Ẹ̀fọ̀n láìsí wàhálà. Bí àwọn méjèèjì ṣe rí ara wọn, màámi di àbúrò wọn lọ́rùn mú, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n kàn ń fọwọ́ pa ara wọn lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Bí mo bá ná gbogbo owó mi nítorí ìṣẹ́jú yẹn, mi ò ní kábàámọ̀. A lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn.

Ìgbà tí à ń bọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n á mọ̀ pé bí òkè ibẹ̀ ṣe ga ní gígùn ló ṣe jìn ní sísọ̀. Mo fi ọkọ̀ sí jíà mẹ́rin, mo gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, mi ò gbé e kúrò títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó gbọ́n á ti máa mi orí. Jíà kékeré ló yẹ kí n fi sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kí n máa tẹ bíréèkì kí n sì tún máa tú u sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Màámi ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa imú màámi díẹ̀. Iṣẹ́ aró ni wọ́n ṣe jẹun ní Ìtòkú, iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n fi rán wa níwèé. Bí mo ṣe wà lọ́mọdé, mo máa ń wò wọ́n tí wọ́n bá ṣí ìkòkò aró. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé imú sẹ́nu ìkòkò, wọ́n á dijú. Wọ́n lè sọ bóyá ẹ̀lú ti jinná, bóyá omi eérú pọ̀ jù, bóyá aró náà ti fẹ́ kú, kí wọ́n tó ki aṣọ kankan bọ̀ ọ́. Imú tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kì í purọ́ fún olówó rẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, wọ́n pè mí. "Àjàní, irin kan ń jóná níbì kan." Mo ní ọkọ̀ àjàgbé iwájú wa ni. Nígbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, òórùn náà lọ sílẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀.

A kọjá Ìbàdàn, màámi tún sọ ọ́ ní Ọmí-Adió. Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màámi, a ti ń délé." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Ọkọ̀ ti ń fà sí òsì láti bí wákàtí kan, mo rò pé títì ló dagun. A dúró ní Odẹ́dá kí ìyàwó mi ra àgbàdo sísun, mo sì gba iwájú ọkọ̀ kọjá, ooru kan fẹ́ mi lójúgun láti ara táyà òsì, bí ìgbà tí èèyàn gba ẹ̀gbẹ́ àdògán kọjá. Mo ní oòrùn ni. Ẹ wo iye ìgbà tí Ọlọ́run kìlọ̀ fún mi!

Òṣíẹ̀lẹ̀, Ọbáńtokò, Aṣẹ́rò. A ti wọ ìgboro. Ọ̀sán Sátidé ni, ọlọ́kadà ń já wá láti ọ̀tún, ó ń já wá láti òsì. Títì dà gẹ̀rẹ́ níwájú wa. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ búrẹ́dì tó ti mu omi. Ó kanlẹ̀. Ọkọ̀ ò tilẹ̀ mira. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Sienna kan wà níwájú mi, ọmọ kékeré kan ń wò wá láti gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí ojú ọmọ yẹn kedere. Mo kígbe pé, "Jésù!" Ìyàwó mi fò lọ sẹ́yìn, ó da ara bo màámi.

Mo já jíà sí mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì han. Mo já a sí méjì. Mo ń fa hánbíréèkì díẹ̀díẹ̀, mi ò jẹ́ fà á tán lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ̀yìn ọkọ̀ má baà yí wá síwájú. Lápá ọ̀tún ni mo rí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, òkìtì yanrìn ńlá kan sì wà níwájú wọn, típà tó já a sílẹ̀ ò tíì lọ. Mo tẹ họ́ọ̀nù mọ́lẹ̀, àwọn ọmọkùnrin náà túká, mo sì yí ọkọ̀ sínú yanrìn. Ó wọlé dé iwájú gíláàsì. Omi inú dúrọ́ọ̀mù yí dà lé gbogbo wa lórí. Gbogbo nǹkan wá dákẹ́ rọ́rọ́, ohùn màámi nìkan ni mo ń gbọ́, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ̀mí wà o, Àjàní, ẹ̀mí wà."

Èéfín ń rú láti táyà òsì iwájú. Ọmọkùnrin kan ti gbé báàfù omi, ó ń sáré bọ̀. Bàbá tó ni típà ló pariwo mọ́ ọn pé, "Má da omi sí i o! Ṣé o fẹ́ kó sán ni?" Ó ní dísìkì, irin róbótó tó ń bá táyà yí tí bíréèkì máa ń fún mú, tó bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀, bí omi tútù bá bá a lójijì, ó lè sán tàbí kó wọ́. Ó ní kí wọ́n gbé omi àti yanrìn sítòsí, kí gbogbo èèyàn jìnnà sí táyà, kí a máa ṣọ́ ọ bóyá iná máa yọ. Iná ò yọ. Ó pa gáàsì inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù sẹ́ táyà níwájú lẹ́yìn, kí n wá tú hánbíréèkì sílẹ̀, kí ó má baà lẹ̀ bó bá ń tutù.

Mẹ́fà nínú àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù gbé màámi jáde pẹ̀lú fóòmù tí wọ́n dùbúlẹ̀ lé. Sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Wọ́n rọra ń gbé e bí ẹni gbé ẹyin, èyí tó wà níwájú ń sọ pé, "Ẹ rọra, ìyá àgbà ni o, itan wọn ni kẹ́ ẹ ṣọ́." Wọ́n tẹ́ wọn sábẹ́ igi máńgòrò. Màámi bi wọ́n ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi orúkọ náà gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, mo tẹ bíréèkì wò, ó ti le padà! Ẹnì kan ní kí n máa wà á lọ, pé ilé ò jìnnà mọ́. Bàbá onítípà ní rárá. Ó ní bó ṣe máa ń tan èèyàn pa nìyẹn, pé bó bá tutù á mú, bó bá tún gbóná á tún já ọ sílẹ̀. Takisí ló gbé màámi délé. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Làfẹ́ńwá.

Ó tú u lójú mi. Rọ́bà tó bo písítìnì kálípà òsì, ìyẹn irin tó máa ń ti páàdì mọ́ dísìkì láti dá táyà dúró, ti ya, omi ti wọ ibẹ̀, písítìnì ti dípẹtà. Bí mo bá tẹ bíréèkì ó máa ń jáde, bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò kì í padà. Láti ìgbà tí mo ti mú un gbóná jù ní òkè Ẹ̀fọ̀n ló ti há, páàdì ń ha dísìkì títí dé Abẹ́òkúta. Dísìkì náà ti di aláwọ̀ búlúù. Ó wá da ọ́ọ̀lì bíréèkì sínú ife, ó dúdú bí aró tó ti kú. Ó ní ọ́ọ̀lì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì méjì. DOT 3 tuntun, irú ọ́ọ̀lì bíréèkì kan, kì í hó títí á fi gbóná dé 205°C, ó kéré tán. Èyí tó ti mu omi lè hó ní 140°C. Bó bá hó, gáàsì á dì sínú páìpù. Ọ́ọ̀lì kì í ṣeé fún pọ̀, gáàsì ló ṣeé fún pọ̀, gáàsì yẹn ni gbogbo agbára ẹsẹ̀ mi sì ń fún, kò dé ara táyà. Okùn irin ni hánbíréèkì ń lò ní tirẹ̀, kò lo ọ́ọ̀lì, òun ló jẹ́ kó ràn wá lọ́wọ́.

Kálípà méjèèjì, dísìkì, páàdì, láínìn ẹ̀yìn, họ́ọ̀sì, ọ́ọ̀lì, gbogbo rẹ̀ ni a pààrọ̀. Mo yọ dúrọ́ọ̀mù omi kúrò, kẹ́ẹ̀gì méjì ló kù níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò sí ẹni tó fara pa, ọmọ inú Sienna yẹn délé bàbá rẹ̀. Òkúta Olúmọ ni Ọlọ́run fi ṣe ààbò fún àwọn baba wa nígbà tí wọ́n dé síbí ní 1830, yanrìn ló fi ṣe ààbò fún èmi àti ilé mi. Mi ò lè dúpẹ́ tán.

Màámi ti ní kí a ṣí àpótí wọn. Wọ́n mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ méje jáde, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rẹ nígbà tí agbára ṣì wà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo mú mẹ́fà lọ fún àwọn ọmọkùnrin náà, kí wọ́n fún ìyá wọn tàbí ìyàwó wọn. Ti bàbá onítípà ló kù. Ó ti lọ já yanrìn míì kí n tó rántí béèrè orúkọ rẹ̀, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ò sì rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó pupa díẹ̀, ó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, orí típà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ní Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún un pé ìyá tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò ń béèrè rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ wà lórí tábìlì wa, màámi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀.