Ẹ gbé síìmù dé orí ibùsùn kí ẹ tó sanwó: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìyá mi ti wà lọ́dọ̀ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn wà nínú POP, símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, mi ò sì tíì sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀kan láìjí wo fóònù. Mo ń kọ èyí torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní bàbá tàbí ìyá lábúlé, ẹ̀yin lẹ ra fóònù tí wọ́n ń lò, ẹ̀yin náà lẹ yan láìnì fún wọn. Èmi ni mo yan ti ìyá mi. Tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi yàn án, àṣìyàn ló sì jẹ́.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé. Fóònù kékeré alátẹ̀ ni ìyá mi ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó ní iná tọ́ọ̀ṣì lórí, tí bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́rin kó tó kú. Kò mọ WhatsApp, kò mọ fídíò, ṣùgbọ́n tí mo bá pè é, á dún. Bí wọ́n wà ní ìdí ààrò, á dún. Bí wọ́n wà lórí ẹní, á dún. Mi ò kà á sí nǹkan kan, torí ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, èèyàn kì í rántí pé ó wà.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà ló ní òun fẹ́ máa rí ojú màmá. Ó fowó ránṣẹ́, ó ní kí n ra fóònù ńlá fún wọn. Under G, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mo ti ń ránṣọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, àwọn ni mo sì bi léèrè pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dáa. Gbogbo wọn dárúkọ ẹyọ kan: ó ń sáré, dátà rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Gbogbo wa là ń wá ibi tó ti rọjú díẹ̀. Èmi náà lò ó ní ṣọ́ọ̀bù, fídíò kì í dúró rárá. Mo mú ìyá mi wá sí ìlú, wọ́n tẹ̀ka, wọ́n fi NIN wọn sí i, láìnì tuntun ṣí.

Mo dán an wò o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mi ò dán an wò. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo gbé e dé abúlé. Gbogbo wa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì dúró gbọn-in lójú fóònù, a pe àbúrò mi. Ìyá mi rí ojú ọmọ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n ń fọwọ́ pa ojú fóònù náà, wọ́n ń pe oríkì rẹ̀, ó ń sunkún níbẹ̀, àwa náà ń sunkún níbí. Mo ní iṣẹ́ ti parí.

Síìmù àtijọ́ tóbi ju ihò fóònù tuntun lọ. Ó yẹ kí n gé e, tàbí kí n lọ ṣe SIM swap kí wọ́n fún mi ní kékeré, torí síìmù méjì ni fóònù tuntun náà ń gbà. Mo ní tó bá yá. Mo sọ síìmù àtijọ́ sínú agolo Milo tí ìyá mi ń kó abẹ́rẹ́ àti káàdì ìdìbò wọn sí, mo mú fóònù kékeré wá sí ìlú, mo fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá mi ní, “Àdùkẹ́, fóònù yìí kì í dún nínú yàrá o.” Mo ní kí wọ́n máa jáde síta tí wọ́n bá fẹ́ pè. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́, mi ò dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dúró.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí mo ra fóònù yẹn ni òjò ńlá rọ̀ mọ́jú ọjọ́rú kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá wọn gbé ti wá sí ìlú. Aago méjì òru ku díẹ̀, ìyá mi dìde láti lọ sẹ́yìnkùlé. Sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ti tutù, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n ṣubú lé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ tó dún bí igi gbígbẹ tí èèyàn dá. Wọ́n fi ìgúnpá rá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Etí ìró ni wọ́n so fóònù mọ́, wọ́n tú u, wọ́n pè mí. Kò lọ. Wọ́n tún un pè. Wọ́n kígbe pe àwọn ará ilé kejì, páànù ló ń dá wọn lóhùn, òjò yẹn pọ̀ débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì kò lè gbọ́. Kí wọ́n jáde síta lọ sábẹ́ máńgòrò bí mo ṣe sọ? Ẹsẹ̀ wo ni wọn yóò fi jáde?

Èmi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún fọ́fọ́.

Ìyàwó ilé kejì ló wá tọrọ iná ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó bá wọn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó yọ fóònù tirẹ̀ jáde, ó pè mí níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò jáde síta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó tẹ̀ ẹ́ ló wọlé. Láìnì tí ìyàwó yẹn ń lò, ti ilé-iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú síìmù ìyá mi tó wà nínú agolo Milo.

Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá mi sọ ni, “Àdùkẹ́, mo pè ẹ́ títí, o ò gbé e.” Wọ́n rò pé mo ń gbọ́ ọ ni. Mo gba fóònù náà wò. Torí wọn ò mọ̀wé, àwòrán ojú mi ni a fi sí ojú fóònù kí wọ́n lè máa tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ pè mí. Ẹrẹ̀ ìka wọn wà lórí àwòrán ojú mi, ó ti gbẹ. Mo ṣí ibi tí ó ń to ìpè sí: orúkọ mi, ìgbà 14. Ti àkọ́kọ́, 1:52. Ti ìkẹyìn, 5:20. Kò sí èyí tó lọ nínú wọn. Lókè ojú fóònù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé “Emergency calls only”.

A gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò, egungun ọrùn ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, wọ́n fi POP dì í. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara ń yá, wọ́n ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe.

Ẹ gbé síìmù dé orí ibùsùn ẹni tó máa lò ó. Kì í ṣe iwájú ilé, kì í ṣe abẹ́ igi. Orí ibùsùn, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kó jẹ́ alẹ́, kí ẹ wá pè. Tó bá wọlé níbẹ̀, ẹ lọ sí ìdí ààrò, ẹ pè. Ẹ lọ sí ilé ìwẹ̀, ẹ pè. Kò gba owó. Ẹ yá síìmù àwọn aládùúgbò yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi dán an wò. Ká ní mo ti wọ yàrá ìyá mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ká ní mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré kúrò lábẹ́ máńgòrò, mi ò ní kọ èyí.

Mo lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ìtòsí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní kó ṣàlàyé fún mi, torí kò yé mi bí ohun tó ń sáré ní Under G ṣe máa kú ní Ìkòyí. Ó ní ìgbì tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dọ́gba. Èyí tó ga máa ń gbé ẹrù púpọ̀, òun ló ń jẹ́ kí dátà sáré, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, ògiri sì máa ń dá a dúró. Èyí tó rẹlẹ̀, bíi ti 700, 800 tàbí 900 MHz, á rìn jìnnà, á sì wọ inú ilé. Ó ní 5G tí MTN kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, orí 3.5 GHz, ìyẹn ìgbì tó ga, ló wà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jìnnà sí òpó rẹ̀. Ní ìlú, òpó sún mọ́ òpó, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ní abúlé, òpó kan lè wà ní òkèèrè réré, ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn sì tún wà láàárín. Igi méjì tí mo rí lábẹ́ máńgòrò, ògiri yàrá ìyá mi ti gbé e mì.

Ó tún ní nígbà tí a bá pe ẹnìkan lórí fóònù 4G, tí kò bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní VoLTE, èyí tó ń jẹ́ kí ìpè gba orí 4G fúnra rẹ̀, fóònù náà ní láti sọ̀kalẹ̀ sórí 3G tàbí 2G kí ohùn tó lè lọ. Nítorí náà, 2G tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yẹn, òun ló ń gbé ìpè àwọn òbí wa. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ti fóònù àgbàlagbà mọ́ 4G nìkan torí fídíò. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ ṣe é fún wọn rí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni “Emergency calls only” yẹn. Oníṣẹ́ fóònù ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òpó ilé-iṣẹ́ tiwa kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn dé ibẹ̀. Fóònù tó bá kọ báyìí lè pe 112, orí òpó ẹlòmíràn ni yóò gbà. Ẹ kọ́ àwọn òbí yín ní 112, ẹ fi sí ojú fóònù pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n lè dá mọ̀. Èmi ò kọ́ wọn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó túmọ̀ sí fún mi: ní gbogbo òru yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi. Síìmù tó lè gbé e sì wà nínú agolo, ní yàrá tó tẹ̀lé e.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí mo fi ìyá mi sílẹ̀ lábúlé. Ìyá mi ní oko, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ilé tí bàbá mi kọ́. Wọn kì í ṣe ẹrù tí mo gbàgbé síbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti mú ìyá rẹ̀ kúrò nílé ara rẹ̀ ló mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ má yọ láìnì tó ń ṣiṣẹ́ kí tuntun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ lo méjèèjì pọ̀, pàápàá bí fóònù bá gba síìmù méjì. Mo ti fẹ́ port nọ́ńbà ìyá mi tẹ́lẹ̀, torí láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni èèyàn ti lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Nàìjíríà, kí ó lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tuntun náà, kí ó sì fi “PORT” ránṣẹ́ sí 3232. A dúpẹ́ pé mi ò ṣe é. Ká ní mo ṣe é ni, síìmù inú agolo ì bá ti kú, torí ẹni tó bá port kò lè yí padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ tún rántí pé láìnì tí ẹ kò bá fi ṣe nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ lè pa á. Ẹ máa fi pe èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní fóònù alátẹ̀ ìyá yín. Èyí tí mo fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, mo ti gbà á padà, mo ra òmíràn fún un. Síìmù àtijọ́ ti padà sínú rẹ̀. Ìyá mi ń fi í pe ẹgbẹ́ wọn lábúlé láti orí ibùsùn mi, wọ́n ń ròyìn ẹsẹ̀.

Wọ́n máa tú POP náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n sì ti ń dárúkọ ilé. Kí wọ́n tó lọ, èmi máa kọ́kọ́ lọ. Mo ti yá síìmù ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn mọ́ tiwa. Màá sùn sórí ẹní wọn ní alẹ́ kan tí òjò bá ń rọ̀, màá ti ilẹ̀kùn, màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí ní aago méjì òru, màá sì pe ara mi.