Kí ẹ tó sanwó lórí Chevelle tó ń dán: ohun tí mo kọ́ lábẹ́ ọkọ̀

Bí ẹnì kan bá pè mí pé òun ti rí Chevelle SS ọdún 1970, ọkọ̀ Chevrolet alágbára ayé àtijọ́, tí wọ́n ti tún ṣe látòkè délẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ tà, mi ò kì í béèrè àwọ̀ rẹ̀. Àwòrán ni mo máa ń béèrè: èyí tí wọ́n yà nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì wà ní ìhòhò, tí wọ́n ti bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, kí jórinjórin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá tún ọkọ̀ ṣe dáadáa máa ń ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, torí ó mọ̀ pé ibi tó ná òun lówó jù lọ ni ojú kò ní rí mọ́ tó bá yá. Ẹni tó fi ọ̀dà bo ìpáàrà mọ́lẹ̀ kò ní àwòrán kankan tó fẹ́ fi hàn yín. Bí ọlọ́jà bá ní fóònù òun ti sọnù, ẹ má bá a jà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí iye tí ẹ máa ná an wálẹ̀ dáadáa.

Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì bítà. Ní Houston tí mo wà báyìí, ṣọ́ọ̀bù bàbá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ń tún irú ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe látìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ọwọ́ àti etí ni mo mú wá láti Mushin. Bàbá yìí ló kọ́ mi ní nọ́ńbà kíkà. Àwọn èèyàn wa níbí tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, táwọn ọmọ wọn ti jáde ilé-ìwé, ti wá ń ra irú ọkọ̀ yìí, inú mi sì máa ń dùn sí i, torí ọkọ̀ tó rẹwà ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó òógùn rẹ̀ ra irọ́ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Lọ́dún 1964, Pontiac fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ Tempest tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, àmọ́ General Motors tó ni Pontiac ti ṣòfin pé ẹ́ńjìnnì tó bá ju 330 cubic inch lọ (bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń fi wọ̀n) kò gbọ́dọ̀ wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. John DeLorean, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà Pontiac, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọgbọ́n dá sí i. Wọn ò pè é ní ọkọ̀ tuntun. Wọ́n ní àfikún ni, tí ẹni tó ń ra LeMans, irú Tempest kan, lè san owó lé owó rẹ̀ láti gbà. Àfikún yẹn ni GTO, ẹ́ńjìnnì 389 ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n ń pè ní muscle car ṣe gbòde nìyẹn. Nígbà tó fi máa di 1970, Chevelle SS 454 tó ní ẹ́ńjìnnì LS6 ti dé horsepower 450. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, General Motors dín agbára àwọn ẹ́ńjìnnì wọn kù kí wọ́n lè máa lo epo tí òjé inú rẹ̀ kéré. Owó adójútòfò ti ń ga lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń rà wọ́n, nígbà táwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá sì dáwọ́ epo títà fún Amẹ́ríkà dúró ní October 1973, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọdún díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbówó lórí lónìí.

Pé àfikún ni, pé kì í ṣe ọkọ̀ tó dá dúró, ló ń dá wàhálà sílẹ̀ fún olùrà títí dòní. Nọ́ńbà VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí iléeṣẹ́ fi sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, máa ń sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Kì í sọ gbogbo àfikún tí olùrà àkọ́kọ́ sanwó fún. GTO ọdún 1965, 237 ti LeMans ni VIN rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. 1966 ni GTO tó gba 242 tirẹ̀. Ti Chevelle yàtọ̀, òdìkejì ló jẹ́. Láti 1966 sí 1968, VIN SS 396 máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 138, kò sí àríyànjiyàn. Láti 1969, SS di àfikún. Malibu, irú Chevelle kan, tó jẹ́ onílẹ̀kùn méjì ọdún 1970, tó sì ní ẹ́ńjìnnì V8, 13637 ni VIN rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, yálà ẹ́ńjìnnì 307 tí ìyá àgbà fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀ tàbí LS6. Ẹni tó bá wá ra bọ́nẹ́ẹ̀tì SS, àmì SS àti ìlà dúdú méjì sí i, ti sọ Malibu di SS lójú ẹni tí kò mọ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣì ń ṣe ní tuntun tà.

Ó rọrùn díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Dodge àti Plymouth fi ẹ́ńjìnnì hàn nínú VIN: bí àmì karùn-ún inú VIN ọdún 1970 bá jẹ́ R, ẹ́ńjìnnì 426 Hemi ni. Ford náà ń fi ẹ́ńjìnnì sí i, iléeṣẹ́ Marti sì ní àkọsílẹ̀ Ford láti 1967, wọ́n á tẹ bí Mustang yín ṣe jáde ní iléeṣẹ́ fún yín tí ẹ bá sanwó. Ti Pontiac, ọ̀dọ̀ PHS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ Pontiac, ni ẹ ti máa rí i. Chevelle tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà ni build sheet, ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀ náà, tí wọ́n sábà máa ń bá lórí táǹkì epo tàbí láàárín sípíríǹgì ìjókòó. Ìwé yẹn náà, àwọn kan ń tẹ ayédèrú rẹ̀, torí náà ẹ fi wé irin.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níbí ní kí n bá àwọn lọ wo Chevelle pupa ọdún 1970 kan. Ọlọ́jà ní SS 396 ni, pé ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde ní iléeṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀, owó SS ló sì ń béèrè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó jókòó sínú ẹ̀, torí tí ẹ bá ti lè jókòó síbẹ̀, ojú yín ò ní rí nǹkan míì mọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

Nọ́ńbà mélòó kan ló tú àṣírí. SS ọdún yẹn máa ń ní ásúlù ẹ̀yìn tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì 12 ni wọ́n fi de ọmọrí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló ka ti èyí: 10. Àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sọ pé 02B, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì. Ara búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì sọ pé D 14 0. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni oṣù, A ni January, D ni April. Òǹkà ìkẹyìn ni ọdún. Ọkọ̀ tí wọ́n tò ní February kò lè jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da irin rẹ̀ ní April. Mo wá tan iná sí ibi pẹrẹsẹ tó wà níwájú búlọ́ọ̀kù lápá ọ̀tún, níbi tí iléeṣẹ́ máa ń lu apá kan VIN sí. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ máa ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí ń dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀: ẹnì kan ti ha á, ó sì ti lu nọ́ńbà tuntun sí i. (Bí wọ́n bá sọ fún yín pé 402 ni ẹ́ńjìnnì SS 396 ọdún 1970, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Chevrolet ti fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀.)

Ọlọ́jà dákẹ́. Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe tà á fún òun náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ máa lọ, mo ní kí wọ́n dúró, torí mo ti wo ara ọkọ̀ náà, iṣẹ́ irin tó wà lára rẹ̀ dára gan-an. Malibu tí wọ́n wọ aṣọ SS fún kì í ṣe ọkọ̀ burúkú. Ó ń sáré, ó rẹwà, ẹ lè máa gbé e jáde láìbẹ̀rù pé òkúta kékeré kan máa ha ohun ìṣúra. Ohun tó burú ni kí ẹ san owó SS lórí rẹ̀. Owó Malibu ni ẹ̀gbọ́n san, Malibu ni wọ́n sì kọ sínú ìwé ọjà.

Ara ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀pọ̀ àkókò yín wò, torí ẹ́ńjìnnì ṣeé yọ, ó ṣeé tún ṣe, àmọ́ iṣẹ́ ara tó ti jẹ kò ní òpin. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn méjèèjì. Omi máa ń dúró síbẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá fi fáínílì, awọ oníke, bo òrùlé. Láti ibẹ̀ ló ti ń kán sínú búùtù, ilẹ̀ búùtù á sì dógùn-ún. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ẹ wo ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà, ẹ wo ṣáásí níbi tó ti gba orí ásúlù ẹ̀yìn kọjá. Bí ó bá jẹ́ Mustang, tí kò ní ṣáásí tó dá dúró, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú so rọ̀ sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú tí omi ti ń wọlé sórí ẹsẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré: ibi tó bá ti kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́, bọ́dì fílà, ohun tí wọ́n ń rẹ́ dí ibi tó jẹ tàbí tó tẹ̀, ló pọ̀ níbẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó tún dára jù ú lọ. Ọ̀dà iléeṣẹ́ kì í sábà ju mil 4 sí 7 lọ (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún inch). Bí ẹ bá rí 30, kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Ní Mushin, ọ̀gá mi máa ń fi ìka kan ara ọkọ̀, ó ń tẹ́tí. Mo ṣì ń ṣe é. Irin lásán máa ń dún. Ibi tí fílà wà máa ń dákú.

Dúdú tuntun tí wọ́n fọ́n sábẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ni wọ́n ń bò? Ọkọ̀ tó ti gbé níhà àríwá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, máa ń jẹ láti abẹ́. Níbí ní Houston, lẹ́yìn ìjì Harvey ní August 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló mu omi, nítorí náà mo máa ń wá ẹrẹ̀ gbígbẹ láàárín sípíríǹgì ìjókòó àti lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹ ní kí ọlọ́jà má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tútù ló ń sọ òótọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi ìjókòó fáàfù líle sí orí ẹ́ńjìnnì, torí epo àtijọ́ ní òjé tó ń dáàbò bò ó, ti òde òní kò ní. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ àwọn rọ́bà epo, torí ethanol inú epo báyìí máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Ọ́ìlì tó ní zinc dáadáa ni kí ẹ máa rà fún un bí káàmù àtijọ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀.

Bí àwo VIN bá dà bí ohun tí wọ́n yọ tí wọ́n tún kàn padà, ẹ kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí ọkọ̀ náà rẹwà tó. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá sì lè gbé ọkọ̀ náà lọ lọ́wọ́ yín. Àwọn tó ń bi mí bóyá wọ́n lè fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n máa fi lọ òde ní Ìbàdàn: òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ àlòkù tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹ má fi owó yín ṣòfò.

Ẹ ṣètò adójútòfò kí ọkọ̀ tó kúrò níwájú ilé ọlọ́jà. Ẹ rí i pé agreed value ni wọ́n kọ sí i, iye tí ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ náà jọ fẹnu kò sí, torí adójútòfò tí ẹ ń san lórí Camry tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lè ka Chevelle náà sí ọkọ̀ ogbó lásán lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá kọlù ú.