Fíìmù Mẹ́ta Tí Wọ́n Fi Mí Jẹ Adájọ́

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá yìí, mo wo fíìmù mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn, èdè wọn àti ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe wọ́n kò bára mu rárá, ṣùgbọ́n tí ọ̀ràn kan náà so wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni 12 Angry Men, tí Sidney Lumet darí ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 1957. Èkejì ni Rashomon, tí Akira Kurosawa ṣe ní Japan ní ọdún 1950. Ẹ̀kẹta sì ni A Separation, tí Asghar Farhadi ṣe ní Iran, tí ó jáde ní ọdún 2011. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣà wọ́n jọ. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ni a jọ ń wò wọ́n ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ìgbà tí a sì wo ẹ̀kẹta tán ni mo tó rí i pé ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi wá ṣe: wọ́n gbé ẹjọ́ síwájú wa, wọ́n fi ọ̀ràn náà lé wa lọ́wọ́, wọn kò sì sọ ojú abẹ níkòó fún wa nípa ẹni tí ó jàre.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe náà, mo sì máa ń rò pé bí ènìyàn bá ti lè fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, iṣẹ́ bùṣe, òtítọ́ yóò fúnra rẹ̀ yọ sí gbangba. Àwọn fíìmù wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí n lè rò bẹ́ẹ̀ mọ́, pàápàá jù lọ ẹ̀kẹta, èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí pé ó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń ṣe ohun tí mo máa ń bá àwọn ẹlòmíràn wí sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí 12 Angry Men. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé ó gún baba rẹ̀ lọ́bẹ pa, ikú sì ni ó ń dúró dè é bí wọ́n bá dá a lẹ́bi. A kò rí ìgbẹ́jọ́ náà, nítorí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí pátápátá kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ọmọ náà pàápàá, fìrí ni a rí i. Àwọn ọkùnrin méjìlá tí ilé-ẹjọ́ yàn láàárín ará ìlú láti pinnu bóyá ó jẹ̀bi ni a bá wọ yàrá kan lọ, ní ọjọ́ tí ooru mú gidigidi, a kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú yàrá náà mọ́ títí tí ìṣẹ́jú 96 fíìmù náà fi pé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, àwọn mọ́kànlá ní ó jẹ̀bi. Ẹnìkan ṣoṣo, èyí tí Henry Fonda ṣe, ni ó ní òun kò mọ̀, àti pé ó yẹ kí àwọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ ná kí àwọn tó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ọ̀run.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni bí yàrá náà ṣe ń há sí i. Fíìmù gígùn tí Lumet kọ́kọ́ darí nìyí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbà ni ó fi ṣe é. Ní ìdá kìíní nínú mẹ́ta, kámẹ́rà ga ju ojú àwọn òṣèré lọ. Ní àárín, ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ọ̀gangan ojú wọn. Ní ìparí, ó lọ sí ìsàlẹ̀, débi pé a ń rí àjà yàrá náà lókè orí wọn bí ẹni pé ó fẹ́ wó lù wọ́n. Bí ó ti ń ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì sí irú èyí tí ó máa ń fa ohun tí ó wà lẹ́yìn súnmọ́ iwájú, tí ògiri fi dà bí ohun tí ó ń rìn bọ̀ wá bá wọn. Nígbà tí mo ń wò ó, n kò mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé mo dìde lọ ṣí fèrèsé.

Ìran kan wà tí àbúrò mi dá fíìmù náà dúró lé lórí. Obìnrin kan ti jẹ́rìí pé orí ibùsùn ni òun wà nígbà tí òun rí ìpànìyàn náà láti ojú fèrèsé, ní òdìkejì òpópónà, bí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀rí yìí kò ṣe é tì. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣì ní ọmọ náà jẹ̀bi, ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, yọ awò ojú rẹ̀, ó sì fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ méjèèjì níbi tí awò náà ti tẹ̀ ẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn ń wò ó. Ó bi í pé kí ló dé tí ó ń ra imú bẹ́ẹ̀, ó sì rántí pé irú àpá yẹn gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú obìnrin ẹlẹ́rìí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ awò wá sí ilé-ẹjọ́. Ta ni í wọ awò sùn? Ẹnu ọkùnrin náà wọ. Ohun tí ó ń ṣe sí imú ara rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, tí kò fiyè sí rí, ni ó wá gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ ikú.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá fíìmù yìí rò. Ẹni tí ó takú jù pé kí wọ́n pa ọmọ náà, ìjà òun àti ọmọ rẹ̀ ni ó ń jà. Ẹnìkan kórìíra àwọn tálákà tí ó wá láti àdúgbò ọmọ náà, débi pé nígbà tí ó tú èyí tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí ó kù ń dìde kúrò nídìí tábìlì níkọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ń kánjú nítorí pé ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì eré bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣiyèméjì, àbùkù kankan kò sí lára rẹ̀. Ó rọrùn púpọ̀ láti bá a gbè. Kò ná wa ní nǹkankan. Bẹ́ẹ̀ ó lọ ra ọ̀bẹ kan tí ó jọ èyí tí wọ́n fi pa òkú náà, ó sì fi gún tábìlì níwájú wọn, ohun tí òfin kò gba irú wọn láyè láti ṣe, nítorí pé ẹ̀rí tí wọ́n gbọ́ ní ilé-ẹjọ́ nìkan ni ó yẹ kí wọ́n gbé yẹ̀wò. Ó dùn mí pé fíìmù tí ó bọ̀wọ̀ fún iyèméjì tó báyìí kò jẹ́ kí a ṣiyèméjì nípa akíkanjú rẹ̀.

Rashomon kò ní akíkanjú. Samúráì kan, ìyẹn jagunjagun Japan àtijọ́, kú sínú igbó, dánàdánà kan ti fipá bá ìyàwó samúráì náà lò pọ̀, àwọn ènìyàn sì wá sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: dánàdánà náà, ìyàwó, agégi kan tí ó wà nínú igbó náà, àti òkú fúnra rẹ̀, tí ó gba ẹnu abókùúsọ̀rọ̀ sọ tirẹ̀. Kò sí èyí tí ó bá èkejì mu. Ohun tí mo ti ń gbọ́ nípa fíìmù náà láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé oníkálukú ń parọ́ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Dánàdánà ní òun ni òun pa á. Obìnrin náà ní òun dákú pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, nígbà tí òun jí, ọ̀bẹ ti wà láyà ọkọ òun. Òkú ní òun ni òun pa ara òun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fa ikú náà mọ́ra! Kì í ṣe ìjìyà ni wọ́n ń sá fún, ìtìjú ni. Dánàdánà ṣetán láti kú, bí wọn yóò bá ṣáà gbà pé ó ja ìjà akọni. Nígbà tí agégi wá sọ bí òun ṣe rí ìjà kan náà, apá àwọn ọkùnrin méjèèjì ń gbọ̀n, wọ́n ń kọsẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń sá fún idà ara wọn. N kò rí ìjà tí ó jọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú fíìmù, bẹ́ẹ̀ agégi náà pàápàá ní ohun tí ó ń fi pamọ́.

A kò rí adájọ́ wọn nígbà kankan, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí jókòó sí ilẹ̀, wọ́n kọjú sí wa, wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n létí wa. Àwa tí a ń wò ni a wà lórí àga. Kazuo Miyagawa, tí ó ya àwòrán rẹ̀, kọjú kámẹ́rà sí oòrùn gan-an láàárín ewé, ó sì ń fi dígí darí ìmọ́lẹ̀ wọ inú igbó; fún òjò tí ó ń rọ̀ lẹ́nu ibodè tí ó ti wó, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà, wọ́n po tàdáwà dúdú mọ́ omi kí kámẹ́rà lè rí i. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Venice ní ọdún 1951, ó sì tọ́ sí i. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: nínú gbogbo àríyànjiyàn wọn, ikú ọkùnrin ni gbogbo ẹnu ń sọ, ohun tí wọ́n ṣe sí obìnrin náà di ìdí ìjà lásán, wọn kò pe ẹjọ́ tirẹ̀.

Mo wá dé orí A Separation. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ jọ Rashomon débi pé èmi àti àbúrò mi wo ara wa lójú: tọkọtaya kan, Simin àti Nader, jókòó síwájú adájọ́ tí a kò rí, wọ́n sì ń bá àwa gan-an wí. Ìyàwó fẹ́ kí wọ́n kó kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ọkọ kò lè fi baba rẹ̀ sílẹ̀, arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra. Simin kó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, Nader sì gba obìnrin kan, Razieh, tí ó lóyún, tí ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run púpọ̀, láti máa tọ́jú bàbá náà. Nígbà tí arúgbó náà tọ̀ sára, Razieh ní láti kọ́kọ́ tẹ àwọn olùmọ̀ ẹ̀sìn láago láti bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni bí òun bá pààrọ̀ aṣọ fún un. Ní ọjọ́ kan, Nader dé bá baba rẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ibùsùn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé. Nígbà tí Razieh padà dé, Nader bínú, ó ní obìnrin náà jí owó òun, ó sì tì í jáde lẹ́nu ọ̀nà. Oyún náà bàjẹ́. Ó ti ju oṣù mẹ́rin lọ, nítorí náà ẹ̀sùn ìpànìyàn ni wọ́n fi kan Nader.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni ó gbé mi ṣubú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, nígbà tí Simin ń palẹ̀ mọ́, àwọn tí ó wá gbé dùùrù dá wàhálà sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní owó tí àwọn bá a dá kò tó iye àjà tí àwọn ń gbé e gbà. Simin ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú owó, ó san án fún wọn. Gbangba ni ó ṣe é. Mo rí i. Mo sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá, débi pé nígbà tí Nader ní owó òun dín, mo wo ojú Razieh, mo wo hìjáábù rẹ̀, mo wo ọmọ kékeré tí ó mú wá síbi iṣẹ́, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé bóyá àìní ni ó sún un ṣe é. Mo tilẹ̀ ń káàánú rẹ̀ nítorí ohun tí kò ṣe. Ìgbà tí mo wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó rí ọwọ́ Simin nínú dúrọ́ọ̀ náà, ó sì tì mí lójú gan-an.

Farhadi sì mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí arúgbó náà ti já sí òpópónà tí Razieh ń sáré tọ̀ ọ́ lọ láàárín ọkọ̀, ó gé ìran náà kúrò, a sì bá ara wa nínú ilé lẹ́yìn náà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé, mo sì kọjá rẹ̀ láìbèèrè. A rí i pé Nader tì í. A kò rí i bí ó ṣe ṣubú. Nínú Rashomon, wọ́n fi ohun tí oníkálukú sọ hàn wá, a sì mọ̀ pé a kò lè gbà wọ́n gbọ́. Níhìn-ín, ojú wa ni a fi rí i, síbẹ̀ bí wọ́n bá pè wá láti jẹ́rìí, a kò ní ohun tí a lè búra lé lórí. Razieh fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé Kùránì síwájú rẹ̀ ní ìparí kí ó lè gba owó tí ìdílé rẹ̀ nílò gidigidi, kò lè fọwọ́ lé e.

Ṣùgbọ́n Termeh, ọmọbìnrin tọkọtaya náà, ni mo ń rò títí di ìsinsìnyí. Ọmọ olùdarí fíìmù náà fúnra rẹ̀, Sarina Farhadi, ni ó ṣe é. Nader ti sọ ní ilé-ẹjọ́ pé òun kò mọ̀ pé Razieh lóyún, ṣùgbọ́n Termeh ti rí i pé baba òun mọ̀, baba náà sì ti jẹ́wọ́ fún un. Síbẹ̀, nígbà tí adájọ́ bi í, ó parọ́ nítorí baba rẹ̀. Nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń padà lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ní kò yẹ kí Nader jẹ́ kí ó dé ibẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kan náà ni mo rí tí ó ń wẹ baba rẹ̀, tí ó gbé orí lé ẹ̀yìn arúgbó náà, tí ó bú sẹ́kún, n kò sì lè fi èkíní pa èkejì rẹ́.

Ní ìparí, wọ́n tún wà ní ilé-ẹjọ́, pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn, adájọ́ sì bi Termeh bóyá ó ti pinnu ẹni tí òun yóò bá gbé nínú baba àti ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti pinnu. Wọ́n ní kí àwọn òbí méjèèjì bọ́ síta kí ó tó sọ ọ́, àwa náà sì bá wọn jáde. Nader wà ní ìhín, Simin wà ní ọ̀hún, gíláàsì wà láàárín wọn, àwọn oníjọ̀ngbọ̀n mìíràn ń kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, orúkọ àwọn tí ó ṣe fíìmù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú tẹlifíṣàn. Àbúrò mi ní ìyá rẹ̀ ni yóò mú. Èmi ní baba ni. A kò pa tẹlifíṣàn títí orúkọ tí ó kẹ́yìn fi lọ, bóyá ilẹ̀kùn náà yóò ṣí.