Kí ẹ tó kó gbogbo ìlú jọ láti pinnu ọjọ́ iwájú rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Bí ìlú kékeré kan bá fẹ́ kí àwọn ará rẹ̀ jọ pinnu irú ìlú tí wọ́n fẹ́ máa gbé ní 20 ọdún sí i, ìpàdé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ó le jù. Ìpàdé kọ́. Ibi méjì ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń kú: kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó wáyé rárá, àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ ìwé aláràbarà jáde, tí wọ́n ti ya fọ́tò tán, tí oníkálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ké sí ẹnikẹ́ni, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ìlú, kí ẹ gba ìdáhùn wọn lórí ìwé: kí ni wọ́n máa fi ohun tí ará ìlú bá sọ ṣe? Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n á jíròrò àbájáde yín ní gbangba láàárín 60 ọjọ́, wọ́n á sì dìbò lé e. Pé èyí tí wọn ò bá gbà, wọ́n á kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Àti pé òṣìṣẹ́ kan pàtó ni iṣẹ́ náà máa wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú: òfin tí ìjọba tó ga jù wọ́n lọ ṣe, gbèsè tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ti tà.

Ní 1969, Sherry Arnstein, ará Amẹ́ríkà kan tó kọ̀wé lórí bí ará ìlú ṣe ń kópa nínú ìpinnu ìjọba, ya àkàbà onípele mẹ́jọ kan láti fi ṣàlàyé bí agbára ará ìlú ṣe tó nínú irú ètò báyìí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀tàn lásán ni. Ní àárín, wọ́n ń gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fipá mú aláṣẹ láti tẹ̀lé e. Ní òkè ni àṣẹ ti bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú. Kò pọn dandan kí tiyín wà lókè téńté. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni kí wọ́n pè é sí ipele keje, kó dé ibẹ̀ kó rí i pé ipele kẹrin ni òun jókòó sí. Bí aláṣẹ bá kọ̀ láti kọ ìwé yẹn, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Bí ìdìbò bá sì ti ku oṣù mẹ́fà, ẹ dúró kó kọjá, nítorí gbogbo ìpàdé tí ẹ bá pè á di ìpolongo olùdíje kan.

Ìgbìmọ̀ méjì ni mo máa ń dábàá: èèyàn márùn-ún sí méje tó ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, àti 20 sí 25 tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Má ṣe fi orúkọ àwọn tó o mọ̀ kún ìgbìmọ̀ ńlá yẹn. Mú bébà ńlá kan, kọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan sí apá òsì, kọ ọjọ́ orí, iṣẹ́, onílé tàbí ayálégbé, àti ọdún tí èèyàn ti gbé ìlú sórí rẹ̀, kó o wá máa fi orúkọ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Àpótí tó bá ṣófo ló ń sọ ibi tó yẹ kó o lọ. Sábà, àwọn ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru àtàwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 25 ni kì í sí níbẹ̀. Alága méjì dára ju ẹyọ kan lọ, kí ọ̀kankan nínú wọn má sì jẹ́ ẹni tó ń wá ipò.

Ní ti àsìkò, ẹ ka nǹkan bí oṣù 14: mẹ́ta fún ìmúrasílẹ̀, márùn-ún fún gbígbọ́ ará ìlú, méjì fún kíkọ, ọ̀kan fún gbígbé e padà fún wọn, mẹ́ta fún ètò iṣẹ́. Ìlú Chattanooga ní Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé tirẹ̀ láàárín 20 ọ̀sẹ̀ ní 1984, èèyàn tó lé ní 1,700 kópa, wọ́n sì mú àfojúsùn 40 jáde. Ohun tí àwọn tó ń fi ìlú náà ṣe àpẹẹrẹ kì í sábà sọ ni pé ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọba ti wà nílẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò sì lọ nígbà tí ìpàdé parí.

Ìbéèrè mẹ́rin ló máa ń wà nínú irú ètò yìí: níbo la wà, níbo là ń lọ, níbo la fẹ́ wà, báwo la ṣe máa dé ibẹ̀? Ìkejì ni wọ́n máa ń fò. Wọ́n á sọ ipò tí ìlú wà lónìí, wọ́n á wá fò lọ sórí àlá. Àmọ́ èèyàn kì í gbà láti fi nǹkan sílẹ̀ àfi tó bá rí ibi tí ọ̀nà tó wà lórí rẹ̀ ń gbé e lọ. Torí náà, ẹ ṣe ìwé kékeré olójú ewé mẹ́jọ, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú iye èèyàn ìlú láti ìkànìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn, ọjọ́ orí wọn, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ipò omi àti ilé, àti bí 100 owó tó ń wọlé fún ìlú ṣe ń pín: mélòó ló ń bá owó oṣù lọ, mélòó ló ń tún ọ̀nà ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà náà síwájú bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà fún 20 ọdún. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti ń fi ìlú sílẹ̀ láti ìkànìyàn méjì sẹ́yìn, iye ọmọ tí iléèwé máa ní nígbà náà á hàn kedere. Ojú ewé yẹn ló ń mú kí gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní ìpàdé fúnra rẹ̀, èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kó wà nídìí tábìlì kan, pẹ̀lú atọ́kùn kan àti akọ̀wé kan tí ẹ ti fi wákàtí mẹ́ta kọ́ níṣẹ́. Wákàtí méjì tó. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ èrò wọn sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á ka ẹyọ kan, títí á fi yí ká tán, kí àríyànjiyàn tó wọlé. Láìsí ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ lanu tàbí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ló máa darí tábìlì. Irú nǹkan yìí náà ló ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú lílẹ sítíkà mọ́ ohun tó wu èèyàn lára ògiri: ibi tí sítíkà bá ti pọ̀ ni tuntun ń lẹ̀ mọ́. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí wọ́n yàn sórí bébà wọn ná, kí gbogbo wọn tó dìde lọ lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ kìlọ̀ fún akọ̀wé dáadáa. Bí ẹnì kan bá sọ pé "iná òpó tó wà lójú ọ̀nà wa ti kú, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì ni ọmọ mi ń ti ibi iṣẹ́ dé," kó má kọ "ètò ààbò." Ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ ni kó kọ. Tó bá ti di "ètò ààbò," kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé òpó iná mẹ́rin péré ló ń wá.

Ìpàdé gbọ̀ngàn nìkan kò lè kárí ìlú. Ẹ ṣe àpò kan tí ẹgbẹ́ kékeré lè gbà lọ: ìbéèrè mẹ́ta, ìtọ́sọ́nà ojú ewé kan, bébà ìdáhùn, ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà. Kí ni ẹ ò fẹ́ pàdánù? Kí ló yẹ kó yí padà? Bí ẹ bá kúrò nílùú tí ẹ padà dé lẹ́yìn 15 ọdún, kí lẹ fẹ́ kọ́kọ́ rí? Ogójì irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, níbi iṣẹ́, ní iléèwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, á mú ohùn wá tí gbọ̀ngàn kì í rí. Ní oṣooṣù, ẹ fi ọjọ́ orí àti àdúgbò àwọn tó ti sọ̀rọ̀ wé ti ìkànìyàn. Bí àdúgbò kan bá ní ìdá 30 nínú 100 èèyàn ìlú, tó sì jẹ́ pé ìdá 6 péré nínú 100 àwọn tó sọ̀rọ̀ ló ti ibẹ̀ wá, ẹ pa ìpàdé gbọ̀ngàn tó kàn tì, kí ẹ lọ síbẹ̀. Ìwé ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò, àmọ́ ẹ má kà á bí ìbò. Àwọn tó wù ló dáhùn.

Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ni kó kọ ìwé àbájáde. Ogún èèyàn kì í kọ gbólóhùn tó gún. Kí méjì nínú wọn kọ́kọ́ pín 100 kan náà nínú ohun tí ará ìlú sọ sí ìsọ̀rí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n wá fi wéra; ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ ni ìsọ̀rí náà kò ti yéni. Nígbà tí ìwé bá ti wà nílẹ̀, ẹ fi orúkọ ìlú mìíràn dípò ti yín. Bí ó bá ṣì bá a mu, ẹ ò tíì kọ nǹkan kan. "Ìlú àlàáfíà àti ìdàgbàsókè" kò wúlò, torí kò sí ẹni tó fẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ẹ sì ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ohun tí ìlú kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ẹni tó fẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá àti ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ létí odò kan náà wà nínú ìlú kan náà. Gbólóhùn dídùn kò ní parí ọ̀rọ̀ wọn. Tí ẹ bá gbé e padà fún ará ìlú, ẹ fi ohun tí wọ́n sọ, ohun tí ẹ kọ, àti ohun tí ẹ yọ pẹ̀lú ìdí rẹ̀ hàn wọ́n.

Ètò iṣẹ́ ọdún méjì àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ohun 12 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní ọ́fíìsì kan tó ni ín, ọjọ́ tó máa parí, iye owó, àti bí a ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí. Kí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ohun tó lè parí láàárín oṣù mẹ́fà, bí òpó iná yẹn. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ máa ń yí padà, torí náà ẹ yan alábòójútó méje sí mẹ́sàn-án tí sáà wọn kò ní parí lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n máa jábọ̀ ní gbangba ní ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, kí ìjábọ̀ náà ṣáájú ètò ìṣúná. Owó iṣẹ́ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sápá kan, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó tí ẹ ní, kí ẹ tó bá agbaninímọ̀ràn tàbí onítẹ̀wé kankan dúnàá dúrà.