Níbo Ni 384 Yẹn Ti Wá?

Kàbbà, Ọjọ́rú. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá díẹ̀.

Ẹ̀yìn ń dùn mí nítorí àga onígi tí mo jókòó lé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sùn kí n tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí sílẹ̀, nítorí mo mọ ara mi: bí ilẹ̀ bá mọ́, ìbéèrè tí mo bi àwọn ọmọ náà nìkan ni n óò máa rántí, n kò ní í rántí èsì tí wọ́n fún mi. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá tó wà ní ọdún àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì ló gbèjà àbá ìwádìí wọn níwájú wa. Àwa mẹ́ta ni olùyẹ̀wò: èmi tí mo ń kọ́ni nípa aràn àti àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn tó ń gbé inú ara ènìyàn, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí kòkòrò àìrí, àti ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wo igi àti ewé. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́kọ́ dé. Bí mo ṣe wọlé ló kí mi ní "Ókun o," tó sì ní kí n má ṣe le mọ́ àwọn ọmọ jù lónìí, bí ẹni pé kì í ṣe òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n jù.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ wádìí, ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni wádìí rẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò bẹ̀rẹ̀. Àbá ni, kì í ṣe àbọ̀ iṣẹ́. Kò sí èsì kankan nínú rẹ̀. "A óò ṣe" ló yẹ kó kún inú rẹ̀. Nígbà tí mo wá rí i nínú ìwé ọmọ kan pé "a rí i pé àwọn kòkòrò náà kú," tí ọmọ náà kò sì tíì fọwọ́ kan kòkòrò kankan, mo pa ìwé náà dé. Ó ní àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. A ní kó lọ tún un kọ, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ jáde fẹ́ wádìí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé tó wà lẹ́bàá odò Ọ̀yì. Ó mọ àrùn náà dunjú. Ó ṣàlàyé bí aràn tí wọ́n ń pè ní Schistosoma haematobium ṣe ń dàgbà nínú ìgbín kékeré inú odò, èyí tí ń jẹ́ Bulinus, kó tó jáde sínú omi, tí yóò sì gba awọ ara wọ inú ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí tó ń fọṣọ. Ó mọ̀ pé láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló yẹ kí òun gba ìtọ̀ àwọn ọmọ náà, nítorí ìgbà náà ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé mílílítà 10 ni òun yóò sẹ́, àti pé ẹyin tó ní ẹ̀gún ní ìdí ni òun yóò máa wá lábẹ́ maikirosíkóòpù. Inú mi dùn sí i. Mo wá bi í pé ọmọ mélòó ni yóò yẹ̀ wò.

"384, Mà."

"Níbo ni 384 yẹn ti wá?"

"Fọ́múlà ni, Mà."

Mo ní kó kọ fọ́múlà náà, èyí tí a fi ń ṣírò iye ẹni tó yẹ ká yẹ̀ wò nínú ìwádìí, sára pátákó, ó sì kọ ọ́ láìṣàṣìṣe: ìlọ́po 1.96 lọ́nà ara rẹ̀, tí a fi 0.5 àti 0.5 mìíràn sọ di púpọ̀, tí a wá fi ìlọ́po 0.05 lọ́nà ara rẹ̀ pín. 384.16 ló jáde. Kò sí ohun tó ṣe fọ́múlà náà, 0.5 yẹn ni a máa ń lò nígbà tí a kò bá mọ iye ẹni tó ní àrùn náà nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí òun ló ń mú iye tó pọ̀ jù lọ wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ náà, ó ní wọn kò ju 160 lọ. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Níbo ni yóò ti rí 224 tó kù? Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ti ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé: nígbà tí àwọn ènìyàn bá kéré báyìí, a óò pín 383 sí ọ̀nà 160, a óò fi 1 kún un, a óò sì fi ohun tó bá jáde pín 384. Ó di nǹkan bí 113. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin nínú mọ́kànlá ló gbé 384 wá lónìí, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ ka igi kajú tí kòkòrò Analeptes ti gé ẹ̀ka wọn, nínú oko tí gbogbo igi rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún.

Ìbéèrè kejì tí mo bi ọmọkùnrin náà ló dùn mí jù, nítorí kò sí fọ́múlà fún un. Mo ní, bí o bá rí ẹyin aràn nínú ìtọ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí ni o máa ṣe fún ọmọ náà? Ó wo súpáfáísọ̀ rẹ̀, súpáfáísọ̀ sì wo ilẹ̀. Lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà nínú àbá náà, ìwé tí òbí yóò fọwọ́ sí wà níbẹ̀, ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí náà wà níbẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gba ìtọ̀ rẹ̀. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe àwámárìídìí. Praziquantel ni, mílígíráàmù 40 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn abúlé sì lè bá a ṣètò rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe rẹ̀, mo sì fa ìlà méjì sí i nídìí.

Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí wọ́n ń rẹ sára àwọ̀n ẹ̀fọn ṣì ń pa ẹ̀fọn Anopheles, èyí tó ń gbé ibà kiri, ní ìlú yìí. Abo ẹ̀fọn tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀, wákàtí kan lọ́dọ̀ oògùn, kí a ka òkú lẹ́yìn wákàtí 24; bí èyí tó kú bá tó 98 nínú ọgọ́rùn-ún, oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́, bí kò bá pé 90, ẹ̀fọn ti borí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè ohun tí yóò ṣe bí àwọn ẹ̀fọn tí kò fara kan oògùn bá kú ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó ní òun yóò da gbogbo rẹ̀ nù, òun yóò sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. A ò rí ohun mìíràn bi í.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn elewé dé. Ọdọọdún ni wọ́n ń dé: oje ewé báyìí lórí kòkòrò àìrí báyìí. Èmi kì í kórìíra iṣẹ́ náà, àmọ́ ó ti sú mi díẹ̀, nítorí orúkọ ewé nìkan ló sábà máa ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Ẹ̀gbọ́n ní ti tirẹ̀ kì í sú. Ó bi ẹni tó mú ẹfinrin wá pé èwo nínú ẹfinrin ni, ẹfinrin ńlá ni àbí ẹfinrin wẹ́wẹ́? Ọmọ náà ní ẹfinrin ṣáà ni. Orúkọ tó kọ sílẹ̀ ni Ocimum gratissimum, èyí tí í ṣe ẹfinrin ńlá. Àwòrán tó fi hàn wá sì jẹ́ ti wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó ní kó ká ewé náà pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kó sì gbé e lọ sí ibi ìpamọ́ ewé ti àwọn onímọ̀ igbó ní Ìbàdàn, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, kí ẹni tó bá ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la lè mọ igi tó ń sọ.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí a jẹun ọ̀sán ni ti irú. Ọmọbìnrin kan láti Ìyàrá ló fẹ́ wádìí àwọn kòkòrò àìrí tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú wooro láti ìgbà tí a bá ti bò ó mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi di jíjẹ. (Ẹ̀gbọ́n dá a dúró láti sọ fún wa pé orúkọ Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland nì, ni wọ́n fi sọ igi tí a ti ń rí irú ní Parkia. Kò sẹ́ni tó béèrè.) Ọmọbìnrin náà fẹ́ mú irú jáde ní wákàtí 0, 24, 48 àti 72. Mo bi í bí mo ṣe bi ti àkọ́kọ́: níbo ni 72 ti wá?

"Ọjọ́ kẹta ni ìyá mi máa ń ṣí i, Mà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò bá a rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi díẹ̀, nítorí ká ní ọmọ náà dárúkọ ẹnì kan tó kọ 72 sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ni, gbogbo wa ì bá mi orí. Gẹ̀ẹ́sì wá há mọ́ ọmọ náà lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ní kó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ nílé, ó sì fi ẹ̀ka èdè Ìjùmú sọ ọ́ láìwo ìwé: ọjọ́ kìíní kò ní òórùn, ọjọ́ kejì ó ń yọ̀, ó sì ń fà, ọjọ́ kẹta òórùn rẹ̀ ti dé, bó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀ yóò máa ta ni nímú, ìdí nìyí tí ìyá òun fi ń da iyọ̀ sí i kó tó gbé e lọ sọ́jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìbéèrè gidi. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò àìrí tí ń jẹ́ Bacillus subtilis, bó ṣe ń tú èròjà amáradàgbà inú hóró irú palẹ̀ tí amóníà, afẹ́fẹ́ tó ń ta ni nímú, fi ń jáde, tí irú kò fi ń kan bí ògì, tí ó ń lọ sí òdìkejì.

Mo wá béèrè pé lásìkò ọyẹ́ ńkọ́, ṣé ọjọ́ kẹta náà ni ìyá rẹ̀ ń ṣí i? Ó dákẹ́. Ó ní, "N kò mọ̀, Mà. N óò bi wọ́n." Nígbà tí a jẹun tán tí a padà wọlé, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ní lásìkò ọyẹ́, ọjọ́ kẹrin ni, àfi bí òun bá fi àpò bò ó tí òun sì gbé e sẹ́bàá ààrò. A ní kó fi ooru kún ohun tí yóò máa wọ̀n, láàárọ̀ àti lálẹ́, kó má sì gbára lé wákàtí nìkan.

Mo ti jẹun alẹ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà láti tẹ àwọn ìwé àtúnṣe náà, mo sì kọ́kọ́ ṣí àbá tèmi, èyí tí mo fi fẹ́ tọrọ owó fún ìwádìí aràn inú láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan lágbègbè Yàgbà. Ó wà níbẹ̀, ní orí kẹta, ìlà kẹfà: 384. N kò rántí ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Mo ti pa á rẹ́, mo sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo títí di àárọ̀, nígbà tí n óò pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà láti béèrè iye ọmọ tó ní.