Power supply méjì tí ọ̀kan ò lè dá ẹrù gbé

Iná gbọ̀ngàn ò lọ. Makirofóònù ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lórí pèpéle ń jáde ketekete. Àwòrán nìkan ló pòórá lójú gbogbo tẹlifíṣọ̀n àti pùròjẹ́kítọ̀ tó wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sáré dé ẹ̀yìn ráàkì, mo bá matrix switcher wa, ẹ̀rọ tó ń pín àwòrán sí gbogbo tẹlifíṣọ̀n àti pùròjẹ́kítọ̀, níbi tó ti ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn. Kò tíì jí tán tó fi ń kú padà.

Power supply méjì, àwọn ẹ̀yà tó ń fún un níná, ló wà nínú ẹ̀. Torí ẹ̀ gan-an la ṣe yan irú ẹ̀rọ yẹn: bí ọ̀kan bá kú, kí èkejì gba iṣẹ́ ṣe. Iná kékeré ara ti òsì ti di pupa; ti ọ̀tún ló ń sapá, tí agbára ẹ̀ ò ká a. Mo fa káàdì mẹ́ta yọ, àwọn tó ń gbé àwòrán lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ náà sì dúró. Ìpàdé tẹ̀síwájú. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ títí mo fi délé, tí mo mú ìwé àti bírò, tí mo ṣírò ohun tó yẹ kí n ti ṣírò láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Wáàtì 500 ni power supply kọ̀ọ̀kan lè gbé. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, àpótí ẹ̀ àti fáànù ń jẹ wáàtì 90, káàdì mẹ́jọ inú ẹ̀ ń jẹ 40 lọ́kọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ 410. Ọ̀kan lè dá a gbé. Nígbà tó yá, a fi káàdì 4K mẹ́rin kún un, 45 lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá di 590. Àwọn méjèèjì pín in gbé, 295 sọ́tùn-ún, 295 sósì, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára méjèèjì, kò sẹ́ni tó fura. Lójú ẹni tó bá wò ó, wáàtì 410 ṣì ṣẹ́ kù. Kò sóhun tó ṣẹ́ kù rárá. Látọjọ́ tí a ti ki ẹ̀kẹta nínú káàdì tuntun yẹn bọ̀ ọ́ ni èkejì ti di alábàápín ẹrù, kì í ṣe adèlé mọ́.

Iye tí power supply kan ṣoṣo lè gbé ni mo fi ń ṣírò báyìí, mo sì ń fi ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. A pààrọ̀ méjèèjì sí oníwáàtì 800. 640 ni òpin mi, 590 wọ inú ẹ̀.

Ìgbà tí mo ń pààrọ̀ wọn ni mo rí èyí tó dùn mí jù: wáyà méjèèjì wọnú extension kan náà, extension náà sì wọnú UPS kan, àpótí oníbátìrì tó ń gbé iná fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Bí UPS yẹn bá kú, power supply mẹ́wàá ò lè gbà wá. Ní báyìí, wáyà òsì wà lára UPS, ti ọ̀tún lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní breaker tirẹ̀.

Ara UPS náà gba àkíyèsí. VA (fóltì ìlọ́po áńpíà) ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà síwájú ẹ̀, wáàtì á wà lẹ́yìn ní kékeré. Tiwa jẹ́ 1500 VA, àmọ́ wáàtì 900 péré ló lè gbé. Amplifier ńlá ò gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀, torí iná tó máa fà lójijì bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn lè jẹ́ ìlọ́po mélòó kan iye tó ń jẹ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n àwọn receiver kéékèèké ẹ̀yìn pùròjẹ́kítọ̀, tó ń gba àwòrán látọ̀dọ̀ switcher, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí switcher bá wà láàyè tí receiver ti kú, òkùnkùn náà ni. Bí iná bá sì ṣẹ́jú lásán láìsí UPS, switcher á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á tún bá tẹlifíṣọ̀n ṣe àdéhùn EDID (irú àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n lè gbà) àti HDCP (ààbò tí kì í jẹ́ kí wọ́n da àwòrán kọ) kí àwòrán tó padà.

Àwọn tó ń gba iná láti ara wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní ìṣírò tiwọn. Network switch wa ní ojú 24, PoE+ (irú ojú tó ń fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pín iná) ni gbogbo wọn, wáàtì 30 lójú kan. Ìyẹn ì bá jẹ́ 720, àmọ́ 370 ni gbogbo ohun tó lè pín. Receiver 18 tó ń gba 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 360. Ẹ̀kọkàndínlógún ò ní tàn, ẹ ó sì máa rò pé wáyà ló bàjẹ́.

Bátìrì: mo ń kọ ọjọ́ tí a fi í sínú UPS sí i lára, mi ò sì jẹ́ kí ooru mú un. Bí ooru bá fi nǹkan bíi ìwọ̀n 10 lórí Celsius ju 25 lọ, ọjọ́ ayé bátìrì olójé lè dín sí ìdajì.

Kí ìpàdé ńlá tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dán an wò. Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo fa wáyà òsì yọ. Fáànù power supply ọ̀tún pariwo sókè, àwòrán ò mì. Mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò jóni. Mo dá ti òsì padà, mo dúró kí iná ẹ̀ di aláwọ̀ ewé, mo wá fa ti ọ̀tún yọ.