Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Àtàrí Ni Mo Rí, N Kò Rí Ojú

Ẹ bá mi yin Olúwa o! Ẹ bá mi yìn ín dáadáa, nítorí ẹnu èmi nìkan ò gbà á. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́, tí mo kàn ń fi ọwọ́ àdúrà dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ náà kò tíì ṣeé sọ ni. Láàárọ̀ yìí ni dókítà tún yẹ ọrùn Màámi tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ wa wò, tó ní kí wọ́n bọ́ ohun tí wọ́n fi dè é kúrò. Kò sí egungun tó ṣẹ́. Iṣan ló fà, yóò sì san. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni ẹkún tí mo ti há mọ́yà látọjọ́ yìí tó jáde.

Ẹ mọ ọ̀nà tí à ń gbà lọ sọ́dọ̀ Màámi: ọ̀nà kan náà tí àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ jọ ń lò, tí kò sí nǹkan kan láàárín wọn ju ìlà tí wọ́n kùn sílẹ̀ lọ. Ọ̀sán gangan ni, òjò ò rọ̀, ọ̀nà dán. Màámi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, kálukú de bẹ́líìtì rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí ọkọ̀ kékeré kan lókèèrè tó ń sún wá sórí ìlà díẹ̀díẹ̀, tó já padà lójijì, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún bọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ lójú ọ̀nà mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe oorun, ọtí ni. Bí kì í bá ṣe ọtí, fóònù ni. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Mo wo dígí, mo rí tírélà kan lẹ́yìn wa, ó fi àyè sílẹ̀ díẹ̀. Mo fun fèrè, fèrè gígùn. Màámi, tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé, gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, wọ́n sì dákẹ́.

Ọkọ̀ yẹn ò yà. Ó wọ ojú ọ̀nà tiwa tán, ó ń bọ̀ tààrà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, nítorí òun ló ń jí mi lóru. Àtàrí ni. Ẹni tó jókòó sídìí ìdarí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pa wá, àtàrí rẹ̀ ló kọ sí mi. Mo rí ibi tí wọ́n ti fi abẹ fa ìlà sínú irun rẹ̀. N kò rí ojú, n kò rí imú. Ó tẹ orí ba bí ẹni tó ń gbàdúrà sórí eékún ara rẹ̀.

Mo ń fà sí etí títì, mo ń tẹ bíréèkì, n kò já ìdarí gbà, nítorí ẹni tó bá já a gbà ní irú àkókò yẹn lè dojú ọkọ̀ dé. Ìgbà yẹn ló gbé orí. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó já ọkọ̀ tiẹ̀ padà, ìdí rẹ̀ wá gbá tiwa lẹ́yìn ibi tí àwọn ọmọ jókòó sí. Dígí ẹ̀gbẹ́ fò lọ, ọkọ̀ yí po, táyà méjì wọ kòtò, a sì dúró ní ìdagun. Àwọn ọmọ ké, wọ́n sì dákẹ́. Ọ̀pá tó ń nu gíláàsì iwájú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń nu gíláàsì gbígbẹ, ó ń dún fíìn, fíìn.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ọkọ̀ tó ń sáré 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ń wà á bá wolẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, mítà 125 ló ti rìn láìríran. Pápá bọ́ọ̀lù ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Kí ni ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ yẹn sì ń kọ lórí fóònù? Ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá: ó fẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹnìkan pé òun ti ń bọ̀. Apá rẹ̀ kan ṣẹ́. Mo dúpẹ́ pé kò kú. Àwọn òbí rẹ̀ ti wá bẹ̀ wá, Màámi ti dá wọn lóhùn dáadáa. Èmi ò tíì dá wọn lóhùn, kí ẹnikẹ́ni má sì ràn mí létí ohun tí Ìwé Mímọ́ wí, mo mọ̀ ọ́n kà.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbàdúrà fún ni Bàbá onítírélà. Tírélà tó wà lẹ́yìn wa yẹn, ẹrù kún inú rẹ̀ bámúbámú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró wẹ́rẹ́ bíi tiwa, títì gígùn ló ń jẹ kó tó dúró. Bí ẹni tó ń wà á bá ń wo fóònù, orí wa ni ì bá gùn kọjá. Àmọ́ ó dúró, ó sì gbé tírélà náà dábùú ẹ̀yìn wa kí ọkọ̀ mìíràn má baà wá kọ lù wá, ó tan gbogbo iná rẹ̀, ó gbé àmì pupa onígun mẹ́ta lọ sí ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn, ó tó sáré wá. “Ọmọ mi, paná ọkọ̀. Má tíì ṣílẹ̀kùn sójú títì.” Ó na ọwọ́ méjèèjì gba ojú fèrèsé wọlé, ọwọ́ tó dúdú fún gírísì, ó fi di orí Màámi mú lọ́tùn-ún lósì. “Ìyá mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má mi orí o.” Kò sì fi orí yẹn sílẹ̀ títí àwọn oníṣègùn pàjáwìrì fi dé. Ọmọ mi àgbà ló ní kó lọ gbé fóònù òun wá pè wọ́n, ó ní inú àpótí tó wà lẹ́yìn ìjókòó ni òun ń tì í mọ́ bí òun bá ń wakọ̀. Ó sọ fún mi pé láti òkè tí òun jókòó sí, òun ti rí ọkọ̀ tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ yẹn, òun sì ti ń dẹ eré kí n tó fun fèrè. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé gbogbo onítírélà lẹ máa ń bú pọ̀, ẹ yọ Bàbá yìí kúrò.

Ní ìdàkejì títì ńkọ́? Wọ́n ń dẹ eré, wọ́n ń yọ fóònù jáde láti inú ọkọ̀ tó ń rìn, wọ́n ń ya fídíò wa. Méjì nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu ara wọn níbi tí wọ́n ti ń ya ẹni tí wọ́n kọ lù.

Ó wá kan ẹ̀yin ẹbí mi. Ẹ̀yin tí ẹ sọ mí ní “Ìyá Ojú Ọ̀nà”, tí ẹ ní mo ń ṣe fọ́nńté, tí ẹ ní bí ẹ bá pè mí, n kì í gbé e, pé mo ti gbàgbé ẹbí. Lẹ́yìn tí ohun gbogbo rọlẹ̀, mo yọ fóònù mi nínú báàgì tó wà nínú bùùtù, mo bá ipè ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo aago rẹ̀ kí ẹ tún wò ó. Déédé àsìkò tí ọmọ yẹn ń sún bọ̀ ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi tẹ̀ lé e pé ìgbéraga ń ṣe mí ṣì wà níbẹ̀, n kò ní pa á rẹ́.

Ẹnìkan tún sọ nílé ìwòsàn pé ti òun yàtọ̀, pé etí ni òun fi ń gbọ́ tòun, òun ò fọwọ́ kàn án. Ṣé ọwọ́ ló ń wo ọ̀nà ni? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé awakọ̀ tó ń lo fóònù wà nínú ewu ìjàǹbá ní ìlọ́po 4, àti pé èyí tí a kò fọwọ́ mú kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí a fọwọ́ mú lọ. Ọkàn ló ń lọ. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà dán an wò lórí ẹ̀rọ tó dà bí ọkọ̀, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ń gbójú fo ibi tó yẹ kó yà ju ẹni tó ń bá èrò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Mo mọ ìdí rẹ̀, mo ti rí i. Màámi rí ohun tí mo rí, wọ́n sì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lórí fóònù kò lè rí i, bí mo bá gbé ipè yẹn, ọ̀rọ̀ owó àjọ ni ì bá wà lẹ́nu wa títí a ó fi kú.

Ẹ ò bi mí o, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Ẹ gbé fóònù síbi tí ọwọ́ ò lè tó, kì í ṣe sáàárín itan. Ẹ yan ọ̀nà tí ẹ máa gbà lórí máàpù kí ẹ tó gbéra. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹkún kì í yí ọkọ̀ dànù. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹ̀rọ inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí iná ti dá yín dúró, ìwádìí kan ní 2015 láti Utah yìí náà rí i pé ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá 27 lẹ́yìn tí ẹ bá dákẹ́ kí ọkàn yín tó padà sójú ọ̀nà tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń wakọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gé e, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó fi ọkọ̀ wọn gbé wa, àwọn tó sùn ti Màámi, àti àwọn tó gbààwẹ̀. Olúwa ò ní jẹ́ kí a fi irú èyí san án fún yín. Ọkọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má bi mí nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá kí Màámi lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa bọ̀ o, wọ́n ń retí yín. N kò ní pè yín lọ́nà láti béèrè ibi tí ẹ dé. Bí ẹ bá sì pè mí látìdí ìdarí láti sọ ọ́ fún mi, n kò ní gbé e.